Etí ni kí ẹ fi wá wọn: bí a ṣe ń lọ wo Silvesterchlausen ní Urnäsch

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Urnäsch ní Swítsàlandì láti wo Silvesterchlausen, àṣà òpin ọdún wọn tí àwọn tó wọ ìbòjú fi ń jáde pẹ̀lú agogo àti orin, ojúde ìlú ni mo lọ dúró sí láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Lójú tèmi, bíi ti ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ l'Ékòó ni yóò rí: wọ́n á ti dí títì, èrò á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn tó wọ ìbòjú á sì máa kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Aago mẹ́fà lù, èmi àti àlejò bíi mẹ́wàá ṣì wà níbẹ̀ tí à ń yọ èéfín lẹ́nu nínú òtútù. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ agogo lókè réré, nínú òkùnkùn, níbi tí mi ò ti rí ju iná fèrèsé kan ṣoṣo lọ. Ìyá àgbà kan tó ń fọ́n iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí yìnyín má baà gbé ènìyàn ṣubú wò mí, ó na ìka sí òkè náà, ó sọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́. Ìka rẹ̀ yé mi ṣá. Mo gun òkè náà tagbáratagbára. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti kọrin tán, wọ́n ti forí lé ilé kejì.

Ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ìkíni ni àwọn ènìyàn yìí ń bá kiri. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ láti kí onílé kú ọdún, a kàn wà níbẹ̀ tí à ń wò wọ́n ni. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn á mọ ibi tó yẹ kó dúró, á mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, kò sì ní padà sílé pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀yìn orí àwọn àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí à ń lọ

Urnäsch wà ní àfonífojì kan ní ìlà-oòrùn Swítsàlandì, lẹ́sẹ̀ òkè Säntis tó ga tó mítà 2,502. Ìpínlẹ̀ Appenzell Ausserrhoden ló bọ́ sí. Ìlú kékeré ni, àmọ́ ilé àwọn àgbẹ̀ olómàlúù fọ́n káàkiri orí òkè tó yí i ká, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ilé gbígbé àti ilé màlúù lẹ̀ mọ́ra wọn. Àwọn ilé ọ̀hún ni kókó ọ̀rọ̀. Wọ́n ń ṣe é ní àwọn ìlú tó múlé tì í náà, bíi Hundwil, Waldstatt, Stein, Schwellbrunn àti Herisau, àmọ́ Urnäsch ni mo mọ̀ dáadáa, òun náà ni mo máa sọ.

Ìwé àkọ́kọ́ tó dárúkọ àṣà yìí ti pẹ́, ọdún 1663 ni. Àwọn aláṣẹ ìjọ ló wà nídìí rẹ̀, ẹjọ́ ni wọ́n sì ń rò: ariwo agogo àti ìrìnkiri òru ti sú wọn. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó ń wọ ìbòjú náà, Chlaus, bá ti Nikolaus Mímọ́ tan, ẹni tí àwọn ọmọdé mọ̀ mọ́ ẹ̀bùn oṣù Kejìlá. Silvester ni wọ́n ń pe ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ẹ̀mí òkùnkùn ni wọ́n ń lé. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín kò jù pé àwọn ń lọ kí ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́

Ọjọ́ méjì ló wà: 31 oṣù Kejìlá àti 13 oṣù Kìn-ín-ní. Bó ṣe di méjì gan-an ló dùn. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà ṣe. Àwọn ará Appenzell pín sí méjì ní 1597, àwọn Kátólíìkì di Innerrhoden, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì di Ausserrhoden. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì yìí kọ̀ jálẹ̀ pé Póòpù kọ́ ni yóò sọ ọjọ́ tí ọdún àwọn máa parí. Ó di 1798, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé yí ètò ìjọba ibẹ̀ padà, kí kàlẹ́ńdà tuntun tó wọlé. Àwọn ará ìlú gbà á fún ọ́fíìsì, wọn ò gbà á fún agogo. Ọjọ́ 13 ló wà láàárín kàlẹ́ńdà méjèèjì lóde òní, ìdí nìyẹn tí òpin ọdún àtijọ́ fi bọ́ sí 13 oṣù Kìn-ín-ní. Wọ́n wá ń ṣe méjèèjì.

Òfin kan wà tó máa ń ṣi àlejò lọ́nà: bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Sunday, Sátidé tó ṣáájú ni wọ́n ń jáde. Fún àpẹẹrẹ, 31 oṣù Kejìlá ọdún 2028 jẹ́ Sunday, nítorí náà ọjọ́ 30 ni wọ́n máa jáde. 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2030 náà jẹ́ Sunday, ọjọ́ 12 ni tirẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfurufú.

Èwo ni kí ẹ mú nínú méjèèjì? Bí ẹ bá ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ tó wà lórí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, 31 oṣù Kejìlá ló rọrùn. Bí ẹ bá bi èmi, ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ni. Ọjọ́ iṣẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, owó òtẹ́ẹ̀lì ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọdún, èrò ò sì pọ̀ tó ti ọdún tuntun. Àwọn ará Urnäsch fúnra wọn sì fẹ́ràn ọjọ́ àtijọ́ yìí bí ẹni fẹ́ràn àbíkẹ́yìn.

Fìsà àti ìwé

Swítsàlandì ò sí nínú ẹgbẹ́ EU, àmọ́ ó wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo fìsà kan náà, nítorí náà fìsà Schengen ni ẹni tó ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà máa gbà. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n á béèrè ìwé ìdójútòfò ìlera tó kéré tán á gbé ẹrù 30,000 yúrò. A lè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 15 ṣáájú lọ. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn o. Òpin ọdún ni gbogbo ayé ń rìnrìn àjò, oṣù Kẹsàn-án ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìgbélùú UK ò gbà yín lọ́wọ́ fìsà Schengen. Páspọ́ọ̀tù UK ló ń gbani, fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú Jámánì, Ítálì tàbí orílẹ̀-èdè Schengen mìíràn lè wọlé pẹ̀lú ìwé ìgbélùú ọ̀hún àti páspọ́ọ̀tù rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi yín nínú fọ́ọ̀mù pé kí lẹ ń lọ ṣe, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: ìgbafẹ́, ẹ ń lọ wo àṣà ọdún ní Urnäsch. Ẹ fi ọjọ́ àti ibi tí ẹ ó sùn síbẹ̀. Ìdí tó ní ọjọ́ pàtó máa ń ràn ìwé lọ́wọ́ ju "ìrìn àjò sí Yúróòpù" lásán lọ.

Ibùsùn àti ọkọ̀

Ibi tí àlejò lè sùn ní Urnäsch kò pọ̀, àwọn tó ń padà wá lọ́dọọdún sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí yàrá níbẹ̀, ẹ gbà á. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ojú irin kan náà ń gbà: Herisau, Gossau, tàbí Appenzell. St. Gallen náà ṣe é gbé, ẹ ó kàn wọ ọkọ̀ kan kún un.

Láti pápákọ̀ òfurufú Zürich, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí St. Gallen, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Gossau, kí ẹ sì bọ́ sínú ọkọ̀ Appenzeller Bahnen. Ọkọ̀ kékeré pupa ni, ojú irin tirẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan péré, ó sì ń gba Herisau àti Waldstatt dé Urnäsch. Gbogbo rẹ̀ á tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Áàpù SBB, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Swítsàlandì, ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ọkọ̀ wọn wọ́n, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó máa ń pọ́ọ́kú bí ẹ bá tètè rà á.

Mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti wa mọ́tò. Ọ̀nà orí òkè wọ̀nyẹn tóóró, wọ́n ń yọ̀, àwọn tí ẹ sì wá wò ń rìn lójú títì pẹ̀lú agogo lọ́rùn àti ìbòjú tí kò jẹ́ kí wọ́n ríran dáadáa.

Aṣọ: ẹ má fi òtútù yìí wé ọyẹ́

Òtútù ọyẹ́ ń gbẹ ètè ni. Ti ibẹ̀ ń wọ egungun. Ní ìdájí, ó lè já sí ìwọ̀n mẹ́wàá nísàlẹ̀ òdo, oòrùn kì í sì yọ kí aago mẹ́jọ tó lù. Iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni pé kí ẹ dúró. Ẹni tó ń rìn á gbóná, ẹni tó dúró fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbẹ̀ ni òtútù ń mú.

Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ. Èyí tó kan ara kó jẹ́ ti irun àgùntàn tàbí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún òtútù, kó má jẹ́ òwú, nítorí òwú ń mu òógùn, òógùn ọ̀hún ló sì máa dì mọ́ yín lára nígbà tí ẹ bá dúró. Ẹ gbé súwẹ́tà lé e, kí ẹ wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ borí rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì, àmọ́ bàtà gbọ́dọ̀ gba méjèèjì láìfún. Bàtà tó fún ẹsẹ̀ pa máa ń jẹ́ kí ọmọ ìka kú. Fìlà tó bo etí pọndandan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí lẹ máa fi ṣiṣẹ́: ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ láti gbọ́.

Nǹkan kan wà tí mo kábàámọ̀ pé mi ò rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Owó kékeré ni. Ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé àwọn àgbẹ̀ máa ń dì bí gíláàsì, mo sì fìdí jókòó lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn ọmọdé tó ń rìn níbẹ̀ bí ẹni ń rìn ní pálọ̀.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré náà dára, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Orí pílọ́ọ̀gì Nàìjíríà àti ti UK ò wọ ihò iná wọn, ẹ mú adápútà dání.

Bí ẹ bá lè débẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ lọ sí ilé ìkóhunìṣẹ̀ǹbáyésí tó wà ní ojúde ìlú, Appenzeller Brauchtumsmuseum, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo àkókò tí wọ́n ń ṣí i nígbà òtútù. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn fìlà àti agogo náà lójú kòrókòró, nínú iná, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sáré. Ẹni tó bá ti rí wọn bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tó ń wò lọ́jọ́ kejì.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń wò

Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n ń pè ní Schuppel. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́fà ni wọ́n, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ẹni iwájú ń jẹ́ Vorrolli, ẹni ẹ̀yìn ń jẹ́ Nachrolli, aṣọ obìnrin sì làwọn méjèèjì yìí ń wọ̀. Ohun tó so mọ́ wọn lára ni agogo roboto kéékèèké tó ní irin nínú, ẹ sáà wo ṣaworo etí dùndún, kí ẹ wá sọ ọ́ di ńlá. Àwọn tó wà láàárín ni Schelli, àwọn ló ru agogo màlúù ràgàjì méjì, ọ̀kan láyà, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹrù ara ẹnì kan lè tó 30 kílò. Ẹ rò ó wò pé ènìyàn á gbé èyí gun òkè láti ìdájí di alẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Àwọn Arẹwà, tí wọ́n ń pè ní Schöne, ni gbogbo ayé ń ya fọ́tò wọn. Aṣọ àrán ni wọ́n ń wọ̀, ìbòjú wọn ń dán bí ojú bèbí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, àwọn tó múra bí ọkùnrin nínú wọn a sì máa ní ìkòkò tábà kékeré lẹ́nu. Àmọ́ orí wọn ni iṣẹ́ wà. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n tò sára fìlà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí rẹ̀ ni ère kéékèèké wà: ẹni tó ń fún wàrà, àwọn tó ń la igi, àgbẹ̀ tó ń kó màlúù lọ sórí òkè. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni wọ́n sì ń fi jókòó tì í.

Àwọn Aburẹ́wà, Wüeschte, wá ní tiwọn. Koríko gbígbẹ, ewé, ẹ̀ka igi Kérésì àti awọ ni wọ́n ń dà bora, ìbòjú wọn kún fún eyín màlúù, egungun àti irun. Ọmọ kékeré lè sunkún. Ẹ̀kẹta, Schö-Wüeschte, ló dé kẹ́yìn: ohun inú igbó kan náà ni wọ́n ń lò, ewé àti èèpo igi, àmọ́ wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ó dára bíi ti àwọn Arẹwà. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù. Òórùn wọn ń ṣáájú wọn dé, bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí ní Kétu tàbí ní ilẹ̀ Yewa á ti máa mi orí báyìí: ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin, ère lórí tó ń fi iṣẹ́ òòjọ́ hàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ìjọra ojú ni o. Kò sí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń tù nínú níbẹ̀, kò sì sí ará ọ̀run tó sọ̀ kalẹ̀. Aládùúgbò ló da nǹkan bojú tó wá kí aládùúgbò rẹ̀.

Ìdájí

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ni àwọn Schuppel àkọ́kọ́ ti ń jáde. Kò sí ìwé tó máa sọ fún yín pé ẹgbẹ́ báyìí á wà ní ilé báyìí ní aago báyìí, ẹ má sì wá a. Ẹ jáde, ẹ kúrò níbi tí mọ́tò wà, ẹ dúró, ẹ ṣí etí.

Ẹ máa gbọ́ oríṣi ohùn méjì. Ohùn tó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni ti Rolli, ohùn ńlá tó ń lọ gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n ni ti Schelli. Bí ó bá ń dún déédéé, wọ́n ń rìn. Ẹ wo apá ibi tí wọ́n dorí kọ, kí ẹ sì wá ilé tó wà níwájú wọn tí iná wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a máa ń lé ohùn tó ti dákẹ́. Bí agogo bá dákẹ́, wọ́n ti ń kọrin, kí ẹ tó débẹ̀ wọ́n á ti lọ. Ẹ ṣáájú wọn, ẹ má tẹ̀ lé wọn.

Ẹ dúró sẹ́bàá ojú ọ̀nà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, níbi tí onílé ti lè rí yín. Bó bá yọjú, ẹ kí i: "Grüezi". Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú àgbàlá, ẹ fọwọ́ béèrè. Kò sí ẹni tó tíì lé mi. Àwọn kan á wò yín díẹ̀, ènìyàn dúdú ò pọ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn, mo sì ti rí i pé bí mo bá tètè kí wọn, wíwò náà á parí síbẹ̀. Lọ́dún kan, bàbá onílé kan wọlé lọ gbé ife tíì gbígbóná jáde fún mi kí àwọn Chlaus tó dé. Kò sọ nǹkan kan ju "kalt" lọ, òtútù nìyẹn.

Lẹ́nu ọ̀nà

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Vorrolli ló máa kọ́kọ́ yọ láti inú òkùnkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣaworo rẹ̀ ń dún. Àwọn Schelli tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tiwọn wúwo. Ìdílé á ti jáde, ìyá, bàbá, àwọn ọmọ nínú aṣọ àwọ̀sùn tí wọ́n fi jákẹ́ẹ̀tì bò. Wọ́n á fọ́n agogo fún ìgbà díẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú bí tirẹ̀ ṣe ń dún, títí ilẹ̀ á fi máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà yín. Wọ́n á sì dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ni Zäuerli. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan ni, ohùn lásán. Wọ́n á kó orí jọ, ẹnì kan á dá a, jẹ́jẹ́, láti abẹ́ ìbòjú. Ẹnì kejì á gbè é, àwọn yòókù á di ohùn ìsàlẹ̀ mú gbọọrọ láìjẹ́ kó yẹ̀. Kì í yára. Ó máa ń lọ bí ẹni tí kò ní ibi tó ń sáré lọ, nígbà tí wọ́n sì ní ilé ogún níwájú. Nínú òtútù yẹn, ẹ máa rí èéfín tó ń gba ihò ẹnu ìbòjú jáde pẹ̀lú ohùn náà. Bí wọ́n bá parí ọ̀kan, agogo á tún dún, wọ́n á tún kọ òmíràn. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á bọ gbogbo ará ilé lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́. Onílé á gbé wáìnì gbígbóná wá. Nítorí ìbòjú, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi mu ún, Schelli mẹ́rin tí wọ́n tẹrí ba sínú ife pẹ̀lú fìlà tó fẹ̀ bí tábìlì jíjẹun. Bàbá ilé á yọ́ owó sí Vorrolli lọ́wọ́. Wọ́n á tún fọ́n agogo, wọ́n á tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ilé kejì.

Ìwà tó yẹ àlejò

Bí Zäuerli bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ má jẹ́ kí fóònù dún, ẹ má tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀gbẹ̀ẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa kì í gbọ́ orin ká máà gbè é. Níbí, ẹ jẹ́ ká fi gbígbè sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo ojú onílé, bí òun bá pàtẹ́wọ́, ẹ pa á.

Ẹ má ṣe dúró sáàárín àwọn Chlaus àti ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ kì í ṣe ti àlejò, àmọ́ ibẹ̀ ni ẹni tó ní kámẹ́rà ńlá máa ń fẹ́ dúró sí. Ẹ má fọwọ́ kan fìlà, agogo tàbí koríko ara wọn. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣí ojú. Bí ẹ bá pàdé wọn lójú ọ̀nà tóóró, ẹ̀yin ni kí ẹ bọ́ sínú yìnyín, nítorí ẹni tó gbé 30 kílò ò lè yà fún yín.

Ẹ ò ní láti fún wọn lówó. Owó yẹn jẹ́ ti onílé, òun ni wọ́n wá kí. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ẹ̀yin náà, ìyẹn mìíràn: ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí ẹ sì dáhùn pé "E guets Neus". Ẹ ku ọdún nìyẹn. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gbà á, wọ́n á mọ̀ ọ́n lóore.

Ní ti fóònù, òtútù ń pa bátìrì. Ẹ fi sí àpò inú, nítòsí ara, ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó nìkan. Ẹ pa iná fláàṣì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ya fídíò Zäuerli kan ṣoṣo, kí ẹ wá fi fóònù sílẹ̀ fún èyí tó kù. Bí ojú ọmọ onílé bá wà nínú fọ́tò, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e sórí Facebook.

Bí ẹ bá mú ọmọ lọ, ẹ lọ ní ọ̀sán, kí ẹ sì wá àwọn Arẹwà fún un lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ọmọdé ìlú náà ní Schuppel tiwọn, agogo wọn kéré, ohùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ọmọ yín lè dúró tì wọ́n láìbẹ̀rù.

Ọ̀sán dé alẹ́

Ẹ jẹun ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí èrò tó kún ilé oúnjẹ. Ẹ béèrè Chäshörnli, makaróní kéékèèké tí wọ́n fi wàràkàṣì Appenzell sè, wọ́n á gbé sọ́séèjì bíbọ̀ àti ápù lílọ̀ tì í. Makaróní àti ápù lórí àwo kan ṣòro fún mi láti gbà, àmọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà nínú òtútù mo lá àwo. Ẹ mú owó Swítsàlandì díẹ̀ dání, kì í ṣe yúrò, ẹ sì fi Biber kan sápò, àkàrà olóyin tí wọ́n fi álímọ́ńdì há nínú. Ní ti wáìnì gbígbóná, ẹ rọra. Ó ń tàn ènìyàn pé ara ti móoru.

Ilẹ̀ ń ṣú ní aago márùn-ún. Ó rẹ àwọn Chlaus nígbà náà, ẹ ó rí i ní ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé oúnjẹ inú ìlú láti kọrin níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wà níbẹ̀, ẹ tètè gba ìjókòó, kí ẹ sì pe oúnjẹ, torí wọn kì í fún ẹni tó kàn wá wòran lásán ní àga. Láàárín ògiri onípákó, Zäuerli yàtọ̀ pátápátá sí ti ìta. Ó kún yàrá, gíláàsì ń gbọ̀n lórí tábìlì, àwọn àgbà tó jókòó á sì máa di ohùn ìsàlẹ̀ mú láìla ẹnu tán.

Kí ẹ tó wọlé ni kí ẹ ti wo aago ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn, nítorí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ dìde. Èmi ò dìde. Ibùsùn mi wà ní Herisau, ọkọ̀ ti lọ, mo dúró sí ibùdókọ̀ tí mò ń jánu. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn Schelli ló rí mi, ó ní kí n wọlé sọ́kọ̀, apá ibẹ̀ lòun náà ń lọ. Ó ti gbé agogo ọkọ rẹ̀ méjèèjì sí búùtù. A ò gbọ́ èdè ara wa tó láti sọ̀rọ̀, nítorí náà a dákẹ́, agogo sì ń dún lẹ́yìn wa ní gbogbo kọ́nà títí a fi dé Herisau.